Bí a ṣe ń gbé èbúté ẹ̀gbẹ́ adágún sókè kí yìnyín tó dé

Èbúté tí mò ń sọ ni pẹpẹ tí onílé etí adágún ṣe wọnú omi kí ọkọ̀ ojú omi lè máa gúnlẹ̀ sí, tó sábà máa ń dúró lórí ẹsẹ̀ páìpù. Yìnyín kì í bá a ṣeré. Omi tó bá ti di yìnyín máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, ẹsẹ̀ èbúté tó bá wà láàárín rẹ̀ kò sì ní ibi tí yóò sá sí. Ìyẹn nìkan kọ́ ló burú níbẹ̀. Bí yìnyín bá ti gbá páìpù mú tán, tí omi abẹ́ rẹ̀ wá ga sókè díẹ̀, á fa páìpù náà tu nílẹ̀ bí ẹni tu èpò. Òtútù tó bá pọ̀ jù á mú kí yìnyín sán, omi á wọnú ibi tó sán, òun náà á dì. Lọ́jọ́ tí ara ilẹ̀ bá wá lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, gbogbo pẹpẹ yìnyín yẹn á fẹ̀, á sì máa ti ohunkóhun tó bá wà létí omi gun orí ilẹ̀. Nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí yìnyín ń fọ́, afẹ́fẹ́ á tún kó àwọn àfọ́kù ńláńlá wá sétí omi, wọn á máa gun ara wọn lórí.

Wẹ́dà ni mí. Èmi ni wọ́n máa ń pè lẹ́yìn tí yìnyín bá yọ́ tán, pé kí n wá na irin tó ti ká, kí n wá jó ẹsẹ̀ tó ti ya. Mo ń gba owó iṣẹ́ mi o, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn ni ò yẹ kó wáyé rárá ká ní wọ́n ti gbé èbúté kúrò nínú omi lásìkò.

Irú èbúté tí ẹ ní ló máa sọ ohun tí ẹ máa ṣe. Èyí tí wọ́n fi gẹdú kàn bí àpótí ńlá tí wọ́n sì rọ òkúta kún inú rẹ̀, ibẹ̀ ló máa wà, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó ń léfòó lórí àgbá ike, ẹ tú u lára ṣéènì, ẹ fi okùn fà á lọ sí kọ̀rọ̀ tí ìjì kì í dé tàbí kí ẹ wọ́ ọ gun ilẹ̀. Èyí tó ní táyà lẹ́sẹ̀, ẹ fà á jáde. Èyí tí wọ́n tò ní abala-abala sórí páìpù, títú ni ẹ máa tú u. Màá sọ díẹ̀ nípa rẹ̀ tó bá yá. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù, tí ọ̀rọ̀ yìí sì dá lé, ni èyí tí híńjì so ìdí rẹ̀ mọ́ kọnkéré létí omi, tí ẹ fi ń lo òpó tó wà létí omi, wáyà àti wíǹṣì, ìyẹn ẹ̀rọ tí à ń fi ọwọ́ yí láti ká wáyà, láti gbé ẹnu rẹ̀ tó wà lójú omi sókè títí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi kúrò nínú omi. Ẹyọ kan ni, kò sí pé à ń tú abala kan lẹ́yìn èkejì, ẹ ò sì ní láti dúró pẹ́ nínú omi tútù.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan wíǹṣì, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí ohun kan: agbára apá kọ́ ló ń gbé èbúté, gíga òpó ni. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ò fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀. Tí iṣẹ́ bá ti ń le, ohun tó máa ń wá sí wọn lọ́kàn ni pé kí wọ́n lọ ra wíǹṣì tó tóbi jù, tàbí kí wọ́n pe ọkùnrin mẹ́ta sí i. Ìṣirò kékeré kan wà tó máa gbà yín lọ́wọ́ ìnáwó yẹn.

Ká ní èbúté yín gùn ní mítà 6, tó sì wúwo tó kílò 200 lẹ́yìn tí ẹ ti kó ẹrù orí rẹ̀ kúrò. Òpó wà lórí híńjì gan-an, ó dúró ṣánṣán, wáyà sì lọ tààrà láti orí òpó sí ẹnu èbúté. Ẹ wọn gígùn wáyà yẹn. Ẹ fi gíga òpó pín in. Iye tó bá jáde, ẹ fi sọ ìdajì ìwúwo èbúté di púpọ̀. Ohun tí wáyà máa fà nìyẹn. Bí òpó bá ga ní mítà 3, wáyà á gùn tó mítà 6.7, ohun tí ẹ máa rí sì jẹ́ nǹkan bí kílò 225. Bí òpó bá ga ní mítà kan péré, wáyà á gùn tó mítà 6.1, ẹrù náà á sì lé ní kílò 600. Èbúté kan náà o, wíǹṣì kan náà, omi kan náà. Òpó kúkúrú ló sọ iṣẹ́ ọ̀sán kan di ìjà.

Ìṣirò yẹn tún fi ohun mìíràn hàn wá. Bí èbúté ṣe ń gòkè ni wáyà ń kúrú, bí wáyà sì ṣe ń kúrú ni ẹrù ń fúyẹ́. Nígbà tí èbúté onímítà 6 yẹn bá dé dígíríì 45, ohun tí wáyà ń fà kò ju nǹkan bí kílò 150 lọ mọ́. Torí náà, ibi tó le jù ni ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ti yí wíǹṣì dé àárín ọ̀nà tí ó wá ń le sí i dípò kó máa rọ̀, ẹ dúró, nǹkan kan ti há.

Ẹ má sì fi kílò 225 tí ìṣirò sọ ra wíǹṣì oníkílò 225. Pákó tó ti mu omi wúwo ju bí ẹ ṣe rò lọ, pọ́ọ̀lì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ kékeré tí wáyà ń gba orí rẹ̀ kọjá, máa ń jẹ agbára tó bá ti dógùn-ún, ẹrẹ̀ sì máa ń fa ẹsẹ̀ èbúté mọ́lẹ̀. Èmi kì í lo wíǹṣì tí agbára rẹ̀ kò tó ìlọ́po méjì ohun tí ìṣirò bá sọ. Tí ẹ kò bá lè gbé òpó ga, ẹ fi pọ́ọ̀lì kan sí ẹnu èbúté, kí wáyà gba inú rẹ̀ padà lọ so mọ́ orí òpó. Ẹrù tó máa dé orí wíǹṣì á dín sí ìdajì, àmọ́ wáyà tí ẹ máa ká á di ìlọ́po méjì. Sùúrù lẹ máa fi san án.

Òpó náà nílò ẹni tó ń dì í mú lẹ́yìn. Bí wáyà ṣe ń fa èbúté sókè náà ló ń fa orí òpó sí ìhà omi, nítorí náà wáyà mìíràn gbọ́dọ̀ ti orí òpó lọ sẹ́yìn, kó so mọ́ kọnkéré tí wọ́n rì sínú ilẹ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ igi ni ẹ fẹ́ so ó mọ́, kó jẹ́ igi tó nípọn tó sì yè, kí ẹ sì fi bẹ́líìtì fífẹ̀ yí i ká. Wáyà lásán á gé èèpo rẹ̀ wọnú, igi náà á sì kú síbi tó ti ń ràn yín lọ́wọ́.

Ó kan ọjọ́ tí ẹ máa ṣe é. Ní kété tí ọkọ̀ bá ti kúrò lójú omi, ẹ ṣe é. Ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ máa rí yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ létí omi láàárọ̀. Omi máa ń fa ooru kúrò lára ènìyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣe é lọ. Ẹni tó bá já sínú omi tó tutù rinrin á kọ́kọ́ máa mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan láìlè dá a dúró, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń mu omi kú. Bó bá bọ́ nínú ìyẹn, ó ní bí ìṣẹ́jú 10 kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kọ̀ láti gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Nítorí náà, ẹni tó bá máa wọ omi, kó wọ ṣòkòtò rọ́bà tó dé àyà, kó fi bẹ́líìtì di ìbàdí rẹ̀ kí omi má bàa rọ́ wọlé, kó sì fi ẹ̀wù agbéniléfòó lé e lórí. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ tó èyí tí òtútù ò lè mú.

Ẹ yan òwúrọ̀ tí ewé igi ò mì. Èbúté tó wà lókè máa ń gba afẹ́fẹ́ sára, pàápàá tí pákó bá ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹ má sì dá a ṣe. Ẹni méjì ni ó kéré jù: ẹnì kan nídìí wíǹṣì, ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tó ń wo ẹsẹ̀ èbúté. Bí ọmọdé bá wà nílé, ẹ wá ẹni kẹta tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ju kó máa lé wọn sẹ́yìn lọ.

Bí ẹ bá ní iná mànàmáná lórí èbúté, ẹ pa á láti ibi tó ti ń wọlé, kì í ṣe ní ṣúìṣì orí èbúté nìkan, kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ kan omi. Iná tó bá ń jò sínú omi kì í jẹ́ kí ẹni tó ń wẹ̀ lè gbé apá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá kó ẹrù kúrò: àga, rọ́bà tí ọkọ̀ ń fara gbá, àkàbà, pákó tó bá ṣe é ká. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu èbúté. Àkàbà oníkílò 20 tó wà lẹ́nu ń dá kún ẹrù wáyà ní ìlọ́po méjì ohun tí ì bá ṣe ká ní àárín ló wà, èyí tó bá sì wà nídìí, lẹ́bàá híńjì, kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan kan. Mo ti bá ẹni tó kó gbogbo ohun tó wà nídìí kúrò tó wá fi àkàbà irin sílẹ̀ lẹ́nu pàdé. Ó ní òun ti rẹ̀ jù láti rìn débẹ̀.

Wàyí o, wáyà. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ nípọn, ẹ fi àkísà di wáyà mú, kí ẹ sì máa fà á gba inú àkísà náà láti òpin dé òpin. Ibi tí àkísà bá ti há, fọ́nrán kan ti já níbẹ̀. Fọ́nrán kan ṣoṣo kì í ṣe òpin ayé, ṣùgbọ́n tí ó bá ti di mélòó kan lójú kan náà, tàbí tí wáyà ti ká kọ̀rọ̀ tí kò sì nà mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má jó o pọ̀. Wẹ́dà ni mí, mo sì ń sọ fún yín pé ẹnikẹ́ni tó bá ní òun máa fi wẹ́dìn so wáyà tó já pọ̀, ẹ sá fún un.

Ẹ wo kílíìpù tó di òpin wáyà mú níbi tó ti ṣẹ́ po. Kílíìpù yìí ní apá méjì: irin tó tẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹṣin, àti ìjókòó tí wáyà máa ń wọ̀ sí. Ìjókòó ló gbọ́dọ̀ wà lára wáyà gígùn tó ń gbé ẹrù. Irin tó tẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà lára ìrù kúkúrú tó ṣẹ́ kù. Tí ẹ bá gbé e sódì, irin yẹn á máa tẹ wáyà tó ń ṣiṣẹ́ fọ́. Kó má dín sí kílíìpù mẹ́ta ní ojú kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn kọjú sí ibì kan náà. Lẹ́yìn tí wáyà bá ti gba ẹrù fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ tún fi sípánà fún nọ́ọ̀tù wọn, nítorí wáyà máa ń tín-ín-rín díẹ̀ tó bá ti nà, kílíìpù á sì dẹ̀.

Lára wíǹṣì fúnra rẹ̀, ẹ wo àhọ́n irin kékeré tó máa ń há sínú eyín. Ó gbọ́dọ̀ máa dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, kó sì máa wọ ìsàlẹ̀ eyín ní gbogbo ìgbà. Bí orí rẹ̀ bá ti ró, tó ń yọ̀ lórí eyín, ẹ má lò ó. Ìró yẹn ni èmi máa ń fetí sí ju bí mo ṣe ń wo èbúté lọ. Ẹ fi gírísì sí eyín, ẹ fi òróró díẹ̀ sí pọ́ọ̀lì àti híńjì, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹsẹ̀ èbúté tó ti wà nínú ẹrẹ̀ láti ìgbà oòrùn kì í fẹ́ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ má fi wíǹṣì fà á tu. Ẹni tó wà nínú omi á di páìpù mú, á máa yí i sọ́tùn-ún sósì, kó lè jẹ́ kí omi wọ abẹ́ pẹpẹ irin tó tẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀. Bí omi bá ti wọ abẹ́ rẹ̀, á jáwọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹni yẹn jáde kúrò nínú omi pátápátá kí ẹ tó yí wíǹṣì. Kò sí ìdí kan tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ èbúté tí wáyà gbé dúró, ì báà ṣe láti mú ohun tó já sílẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa pàṣẹ, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi sì ni. Nídìí wíǹṣì, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má dúró sí ojú ọ̀nà tí wáyà nà gbà, nítorí wáyà tó bá já á padà wá sí ibi tó ti wá. Ẹ yí i díẹ̀ títí wáyà á fi le, kí ẹ dúró. Ẹ wo òpó, ẹ wo wáyà ẹ̀yìn, ẹ wo kílíìpù. Tí nǹkan kan ò bá yẹ̀, ẹ máa bá a lọ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àbúrò ìyàwó mi ló máa ń bá mi wo omi. Tí ẹsẹ̀ bá ti yọ lójú omi tán, á kígbe pé, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ dúró!” Mo gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀, bó ṣe wá ṣàlàyé, ó di lẹ́yìn náà. Ìgbà yẹn ni à ń yọ píìnì ẹsẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá gígùn oníkọ́, tí ẹsẹ̀ á ká padà sára èbúté, tí píìnì á tún wọ ihò kejì. Tí ẹsẹ̀ tiyín kò bá ṣe é ká, ẹ máa gbé èbúté ga jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibo ni kí ẹ ti dúró? Ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju ibi tí omi máa ń kún dé lọ, kó tún ga ju òkìtì yìnyín tí afẹ́fẹ́ lè kó wá. Fún ọ̀pọ̀ èbúté, láàárín dígíríì 30 sí 45 ti tó. Ẹ má gbé e dúró ṣánṣán. Bó bá kọjá òró, kò sí ohun tó ń dá a dúró mọ́, orí ẹni tó ń yí wíǹṣì ló sì máa wó sí. Ṣéènì kan tí ẹ ti wọn gígùn rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹ so láti ẹ̀gbẹ́ èbúté mọ́ kọnkéré níwájú, kò ní jẹ́ kó kọjá ààyè.

Wíǹṣì wà fún gbígbé. Ẹ má fi dá ẹrù dúró fún ìgbà òtútù odindi. Tí èbúté bá ti dé ibi tó yẹ, ẹ fi ṣéènì méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, so ó mọ́ orí òpó. Lẹ́yìn náà, ẹ dẹ wíǹṣì díẹ̀díẹ̀ títí ṣéènì á fi gba ẹrù náà. Ẹ yọ ọwọ́ wíǹṣì mú lọ sílé kí ọmọ aláwàdà kan má bàa wá fi ṣeré, kí ẹ sì fi ọ̀rá bo ìyókù. Ẹ wo páìpù: èyí tó bá gba omi tí kò sì ní ibi tí omi á gbà jáde, á dì, á sì ya. Ẹ ṣí ìdérí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó ro. Bí àwọn ènìyàn bá máa ń gun ẹ̀rọ kọjá lórí yìnyín lálẹ́ ládùúgbò yín, ẹ lẹ téèpù tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà mọ́ ẹnu èbúté àti ara wáyà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní èbúté abala-abala, tiyín kò gùn lẹ́nu mi. Láti ẹnu ni kí ẹ ti máa tú u bọ̀ wá sídìí. Ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára abala kọ̀ọ̀kan àti ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ omi kò dọ́gba, ẹsẹ̀ kẹta kì í gùn tó ẹsẹ̀ kẹrin. Ẹ kó bóòtù àti píìnì sínú garawa tó ní ìdérí. Ẹ to abala jọ jìnnà sí omi, kí pákó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì.

Bí ẹ bá rí ìṣáwùrú kéékèèké abilà tí wọ́n ń pè ní zebra mussel lára ẹsẹ̀, ẹ fi ìbọ̀wọ́ há a kúrò lórí ilẹ̀, karawun rẹ̀ mú bí abẹ. Agbègbè Òkun Dúdú àti Òkun Káspíà ló ti wá, 1988 ni wọ́n sì kọ́kọ́ rí i ní Lake St. Clair láàárín Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ara ọkọ̀ àti irú ohun èlò báyìí ló ń bá kiri láti adágún kan sí òmíràn. Ẹ má há a padà sínú omi, ẹ má sì gbé èbúté náà lọ sí adágún mìíràn láìjẹ́ pé ó ti gbẹ dáadáa.

Sísọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn òtútù gba ìṣọ́ra ju gbígbé lọ. Ẹ dúró kí gbogbo yìnyín lọ, kì í ṣe èyí tó wà létí tiyín nìkan, nítorí afẹ́fẹ́ lè gbé èyí tó kù wá láti òdìkejì. Ẹ kọ́kọ́ yí wíǹṣì kó gba ẹrù kúrò lọ́wọ́ ṣéènì, kí ẹ tó tú ṣéènì. Wíǹṣì tó ní bíréèkì ni mo fẹ́ fún yín, nítorí èyí tó jẹ́ àhọ́n lásán, tí ẹ bá gbé àhọ́n náà sókè tí ọwọ́ yín sì yọ̀, ọwọ́ irin yẹn á máa yí bí ìjì, egungun apá ni yóò sì kọ́kọ́ bá pàdé. Ẹ rí i pé wáyà tó kù lára àgbá wíǹṣì nígbà tí èbúté bá dé ìsàlẹ̀ pátápátá ṣì yí àgbá náà po nígbà mẹ́rin, ó kéré tán. Kí ẹsẹ̀ tó kan omi, ẹ nà án, ẹ fi píìnì rẹ̀ sí i, kí ẹ sì fi ọwọ́ mì ín wò. Ẹsẹ̀ tí píìnì rẹ̀ kò wọlé dáadáa á ká sábẹ́ èbúté nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá gùn ún.